Oko Ilé Ìwé, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Bọ́ọ̀lù: Ṣé Wọ́n Ń Ran Ìwé Ọmọ Lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kíláàsì àgbà kan bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ ní abúlé kan ní agbègbè Kétu

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín kí ẹ tó wá jókòó síbí, nítorí náà mi ò ní í fa ọ̀rọ̀ gùn jù.

Ọmọ yín ni mo jẹ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Bí mo bá pa òwe níwájú yín, màá sọ pé: tótó, ó ṣe bí òwe. Ẹ̀yin náà á sọ pé: wàá rí òmíràn pa.

Inú ìpàdé ẹgbẹ́ òbí ni ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ti jáde. Olùkọ́ ilé ìwé fẹ́ kí àwọn ọmọ dá oko kékeré kan sí ẹ̀yìn ilé ìwé. Bàbá kan dìde, ó ní: "Ìwé ni mo rán ọmọ mi lọ kọ́. Ọkọ́ wà nílé mi." Ìyá kan dá a lóhùn, ó ní: "Ọmọ tí kò mọ ọkọ́ dì mú, kí ni yóò jẹ bí ìwé bá kọ̀ ọ́?" Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀, àwọn kan mú ẹjọ́ bọ́ọ̀lù wá. Àwọn mìíràn mú ẹjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wá. Ìpàdé tú, ọ̀rọ̀ kò yanjú. A ṣì máa padà jókòó lé e lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí wà lára àwọn tí yóò dá ẹjọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a jọ rò ó kí ọjọ́ tó pé.

Kí ni à ń pè ní iṣẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀kọ́?

Ọmọ máa ń jókòó nínú kíláàsì. Ó ń kàwé, ó ń kọ̀wé, ó ń ṣírò. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mìíràn wà tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Oko ilé ìwé wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù, eré sísá, orin, ijó, àlọ́, gbogbo wọn wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ ilé náà wà: omi pípọn, igi ṣíṣẹ́, ọjà kíkiri, àbúrò pípọ̀n. Ilé ìwé kọ́ ló rán ọmọ níṣẹ́ ilé, àwa ni. Ṣùgbọ́n ara ọmọ kan náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì jọ ń pín.

Àwọn kan rò pé ohunkóhun tí kì í ṣe ìwé, ó ń ba ìwé jẹ́. Àwọn mìíràn rò pé bí ọmọ bá ṣáà ti ń ṣiṣẹ́, ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ọ̀nà méjèèjì yìí, orílẹ̀-èdè wa ti rìn wọ́n rí. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí a bá níbẹ̀.

Ilé Ìwé Tuntun ti ọdún 1975

Ẹ̀yin àgbà rántí ìgbà náà. Wọn kò tíì bí mi. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ díẹ̀, mo ka díẹ̀.

Láyé àwọn Faransé, ọmọ tó bá lọ sílé ìwé máa ń kọ ẹ̀yìn sí oko. Iṣẹ́ akọ̀wé ló ń wá. Bí kò bá rí i, ó di ẹni tí kò mọ ọkọ́ lò, tí kò sì rí kálámù lò. Òbí rẹ̀ ti pàdánù ọmọ, ìlú náà kò sì jèrè rẹ̀.

Ní ọdún 1972, Mathieu Kérékou gba ìjọba. Ní oṣù kẹfà ọdún 1975, ìjọba rẹ̀ ṣe òfin kan lórí ẹ̀kọ́. Òfin náà ló bí ohun tí wọ́n pè ní Ilé Ìwé Tuntun. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni orúkọ orílẹ̀-èdè wa yí padà, tí Dàhòmì di Bẹ̀nẹ̀.

Òfin yẹn fẹ́ kí ilé ìwé àti ìgbé ayé ará ìlú wọnú ara wọn. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní láti máa ṣe nǹkan jáde. Àwọn ọmọ ní láti ní ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe tiwọn, èyí tí à ń pè ní kọperatíìfù. Wọ́n dáko, wọ́n ta irè oko. Orin, ijó àti eré ìdárayá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Kì í ṣe àwa nìkan la ronú bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1967, Julius Nyerere, olórí ilẹ̀ Tanzania, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yẹ kí ilé ìwé ní oko, kí ó lè máa bọ́ ara rẹ̀, kí ọmọ má baà kẹ́gàn iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Èrò náà kò burú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Tótó, ó ṣe bí òwe.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa?

Ní ọ̀pọ̀ ibi, oko jẹ àkókò ìwé. Wọ́n ń kó ọmọ jáde kúrò nínú kíláàsì lọ roko. Òbí ń béèrè pé: "Àgbàdo tí ọmọ wa gbìn, owó rẹ̀ dà?" Ọ̀pọ̀ kò rí ẹni dá wọn lóhùn. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ kò tó, ni wọ́n bá ń rán àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ kọ́ àwọn ọmọ. Ìwé kò tó. Ọmọ ń ti kíláàsì kan bọ́ sí èkejì, kíkà rẹ̀ kò já gaara. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Nígbà tó yá, àpò ìjọba gbẹ. Owó oṣù olùkọ́ kò jáde. Àwọn olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà dìde. Wọ́n fagi lé ọdún ẹ̀kọ́ 1988 sí 1989, ó di òfo. Ní oṣù kejì ọdún 1990, wọ́n ṣe àpérò ńlá ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní Kútọnu. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n ṣe àpérò ti ẹ̀kọ́ nìkan. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pa Ilé Ìwé Tuntun tì.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká sọ pé oko nìkan ló ba ẹ̀kọ́ jẹ́ nígbà yẹn. Àìtó olùkọ́ wà níbẹ̀. Àìsí owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá kan bá dìde nínú ìpàdé lónìí, tó ní òun kò fẹ́ oko ilé ìwé, ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe é. Ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tó wà lọ́mọdé ló ń sọ. Ó yẹ ká gbọ́ ọ.

Ilé ìwé kan ní Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ jẹ́ ká kọjá ààlà díẹ̀. Nàìjíríà kò jìnnà sí wa, a ní ẹbí níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìkẹ́nnẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1956, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Tai Solarin àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, dá ilé ìwé kan sílẹ̀ níbẹ̀. Mayflower ni wọ́n pè é.

Ní Mayflower, akẹ́kọ̀ọ́ ń dáko. Wọ́n ń sin ẹran. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ilé ìwé mìíràn máa ń háyà ènìyàn ṣe. Ohun tí wọ́n bá gbìn, wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀. Tai Solarin fúnra rẹ̀ kì í jókòó sábẹ́ igi kó máa wò wọ́n, ó ń bá wọn ṣe é. Síbẹ̀, ìwé kò kú níbẹ̀. Òkìkí ilé ìwé náà kàn nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń yege. Òbí ń kó ọmọ wá láti ọ̀nà jíjìn. Tai Solarin kú ní ọdún 1994, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Ẹ wò ó: ọkọ́ ni wọ́n mú lọ́wọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, ọkọ́ náà ni wọ́n mú lọ́wọ́ lọ́dọ̀ wa. Kí ló dé tí ọ̀kan dára, tí èkejì di ẹjọ́? Mayflower, ilé ìwé kan ṣoṣo ni. Olórí tó gbà á gbọ́ dúró tì í lójoojúmọ́. Tiwa, àṣẹ ni wọ́n pa fún gbogbo ilé ìwé lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá olùkọ́ mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ní Ìkẹ́nnẹ́, àwo ọmọ ni irè oko ń padà sí. Lọ́dọ̀ wa, ní ọ̀pọ̀ ibi, òbí kò mọ ibi tó gbà.

Nítorí náà, èmi kò ní í bi yín bóyá iṣẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ dára tàbí kò dára. Ìbéèrè mẹ́ta ni màá fún yín, tí ẹ ó máa fi wọn iṣẹ́ náà, bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń fi agolo wọn gàrí.

Ìbéèrè kìíní: Àkókò wo ló ń gbà?

Ká ní ilé ìwé kan ní wákàtí 28 fún ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀. Wọ́n wá kó ọmọ lọ sóko ní òwúrọ̀ 2, wákàtí 4 ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú kayé yín, ẹ jẹ́ ká ṣírò:

4 x 2 = 8
28 - 8 = 20

Wákàtí 20 ló kù fún ìwé. Ká tún ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10, ní ìgbà ìtúlẹ̀ àti ìgbà ìroko:

8 x 10 = 80

Wákàtí 80 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 3. Ọmọ kíláàsì CM2 tó pàdánù ọ̀sẹ̀ 3, ìdánwò CEP kò ní í dúró dè é. Ọmọ ará Kútọnu tí wọ́n jọ fẹ́ ṣe ìdánwò náà, inú kíláàsì ló wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ 3 yẹn.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò sí ẹ̀kọ́ ṣe é, wákàtí 2 péré, ìwé kò pàdánù nǹkan kan. Oko náà yóò kéré. Ó dára kó kéré. Oko ọmọdé kò gbọ́dọ̀ tó oko àgbà. Ẹni tó ń lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀. Tótó, ó ṣe bí òwe.

Ìbéèrè kejì: Ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú rẹ̀?

Ọmọ wa ti mọ ọkọ́ kí ó tó mọ lẹ́tà A. Bí olùkọ́ bá kàn ní "ẹ roko", tó sì lọ jókòó síbi òjìji, kò kọ́ ọmọ náà ní ohun tí ẹ̀yin kò ti kọ́ ọ. Oko ilé ìwé gbọ́dọ̀ ní ohun tí oko bàbá rẹ̀ kò ní. Ohun náà ni kayé àti okùn ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀ kékeré kan, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 20, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 8. Àgbàdo la fẹ́ gbìn. Láti poro kan sí èkejì, sẹ̀ǹtímítà 80. Láti ihò kan sí èkejì lórí poro, sẹ̀ǹtímítà 40. Hóró 2 nínú ihò kan. Poro mélòó ni yóò wà? Hóró mélòó ni a ó rà?

Mítà 8 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 800. 800 ÷ 80 = 10. Poro 10 nìyẹn.
Mítà 20 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 000. 2 000 ÷ 40 = 50. Ihò 50 lórí poro kan.
50 x 10 = 500. Ihò 500 nìyẹn.
500 x 2 = 1 000. Hóró 1 000 nìyẹn.

Ṣé ẹ rí i? Ọmọ tó fi okùn wọn ilẹ̀ yìí, tó gbẹ́ ihò rẹ̀, tó sì ka hóró rẹ̀, kò ní í bẹ̀rù ìlọ́po àti pípín mọ́. Ó ti fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Bí olùkọ́ bá tún ní kí ó máa wọn gíga àgbàdo lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fi èdè Faransé kọ gbólóhùn márùn-ún lórí ohun tó rí, ìwé ti wọnú oko nìyẹn. Nígbà náà, oko ń ran ìwé lọ́wọ́.

Ìbéèrè kẹta: Ta ló ń jẹ èrè rẹ̀?

Ká ní ilẹ̀ kékeré tí a sọ yìí fún wa ní àgbàdo kílò 25. A ta kílò kan ní 200 fáráǹkì. Irúgbìn 300 fáráǹkì, àpò 200 fáráǹkì. Àpẹẹrẹ lásán ni, iye ọjà máa ń yí padà. Báyìí ni ìwé owó náà yóò rí:

Owó tó wọlé: 25 x 200 = 5 000
Owó tó jáde: 300 + 200 = 500
Owó tó kù: 5 000 - 500 = 4 500

Bí kayé kan bá jẹ́ 150 fáráǹkì, 4 500 yóò ra kayé 30. Ọmọ 30 rí kayé gbà nínú òógùn ara wọn. Ìyẹn yé ọmọ, ó yé òbí, kò sí ẹni tí yóò kùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká la ojú wa sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àgbẹ̀ mọ̀ pé bí òjò àkọ́kọ́ bá pẹ́ kó tó rọ̀, àgbàdo lè gbó nígbà tí ilé ìwé ti wọ ìsinmi ńlá. Àwọn ọmọ ti lọ. Olùkọ́ ti lọ sílùú rẹ̀. Ta ni yóò ya àgbàdo náà? Ta ni yóò tà á? Ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ burúkú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó sàn kí ilé ìwé gbin ohun tí kì í pẹ́ lórí ilẹ̀, bíi tẹ̀tẹ̀ àti ilá, tí ọmọ yóò gbìn, tí yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí i kí ìsinmi tó dé. Bí ó bá jẹ́ àgbàdo ni a fẹ́, kí ẹgbẹ́ òbí yan ẹni tí yóò dúró tì í.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Láyé Ilé Ìwé Tuntun, ọ̀pọ̀ òbí kò lè ka ìwé owó kọperatíìfù. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n wá wò ó, kí ni wọn ì bá rí? Lónìí, ẹ̀yin lè kà á. Ẹ ti mọ nọ́ńbà, ẹ ti mọ ìròpọ̀ àti ìyọkúrò. Ìyá tó wà níwájú mi yìí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Ní báyìí ó ń ka òṣùwọ̀n lọ́jà, kò sí ẹni tó lè yọ gírámù kan lójú rẹ̀. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ìwé owó oko ilé ìwé ń fẹ́.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti oorun

Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ nínú ìpàdé pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló ń mú ọmọ òun pòfo nílé ìwé. Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè wa wọn ọ́n.

Ìtàn sọ pé ọ̀dọ̀ wa, ní Kétu, ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé pé ohun iyebíye ni. Ní ọdún 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Kì í ṣe nǹkan tí ọmọ wa yóò tijú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú rẹ̀? Ó pọ̀. Ọmọ tó ń kọ́ orin Ẹ̀fẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gígùn sórí láìṣì í sọ. Ó ń gbọ́ ìjìnlẹ̀ èdè. Ọmọ tó ń jó gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí ìlù kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Ọmọ tó ti dúró níwájú gbogbo ìlú, ojú kì í tì í láti dìde dá olùkọ́ lóhùn. Olùkọ́ mélòó ni yóò fẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì rẹ̀?

Ibo wá ni ìṣòro wà? Àkókò ni. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, ó sì máa ń mọ́jú. Àwọn dókítà sọ pé ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Ọmọ tó wo Ẹ̀fẹ̀ mọ́jú Mọ́ńdè, tó gba ibẹ̀ lọ sílé ìwé, ara rẹ̀ ni yóò wà ní kíláàsì, ojú rẹ̀ yóò pa dé. Ẹ̀bi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kọ́. Ẹ̀bi wa ni. Bí ọmọ kò bá ní í lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kejì, kí ó wò ó tẹ́rùn. Bí yóò bá lọ, kí ó kọ́ orin náà ní ọ̀sán, kí ó sùn ní òru. Bákan náà ni fídíò àti tẹlifóònù tí àwọn ọmọ ń wò títí di ọ̀gànjọ́.

Bọ́ọ̀lù, àti omi tí ọmọbìnrin ń pọn

Bọ́ọ̀lù ń mú ara ọmọ le. Ó ń kọ́ ọ láti gbọ́ fèrè, láti gbà pé òfin wà, láti pàdánù láìjà. Ọmọ tó mọ̀ pé òun yóò gbá bọ́ọ̀lù ní ilé ìwé, ó máa ń wù ú láti lọ. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, àwọn olùwádìí ti rí i pé ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ eré tàbí ẹgbẹ́ orin sábà máa ń ṣe dáadáa nínú ìwé. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kìlọ̀ fún wa. Ó lè jẹ́ pé ọmọ tó yó, tí ara rẹ̀ dá, tí òbí rẹ̀ ń ràn lọ́wọ́, òun náà ló ń ráàyè ṣeré. Àkùkọ ń kọ, ilẹ̀ sì ń mọ́, ṣùgbọ́n àkùkọ kọ́ ló mú ilẹ̀ mọ́. Ẹ má rò pé bí a bá ti ra bọ́ọ̀lù fún ọmọ tí ebi ń pa, máàkì rẹ̀ yóò gòkè.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Lórí òkè Kétu wa yìí, omi jìn nínú ilẹ̀. Ẹ mọ ìyà tó wà nínú omi ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ta ló ń pọn ọ́n? Bí ilé ìwé bá ti jáde, ọmọkùnrin lọ gbá bọ́ọ̀lù, ọmọbìnrin gbé kòròbá. Bí ó bá ń lo wákàtí 2 lójúmọ́ lórí omi:

2 x 5 = 10

Wákàtí 10 láàárín ọjọ́ ilé ìwé 5. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò gúnyán, yóò fọ àwo. Nígbà tó bá ṣí ìwé, ilẹ̀ ti ṣú, oorun ti dé. Bí kò bá yege ní ìdánwò, a ó ní orí rẹ̀ kò gba ìwé. Ṣé orí rẹ̀ ni, àbí kòròbá tó wà lórí rẹ̀?

Mi ò sọ pé kí ọmọbìnrin má pọn omi mọ́. Ilé tí kò ní omi kò lè dáná. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ọmọkùnrin náà gbé kòròbá. Bí àwọn méjèèjì bá pín in, wákàtí 1 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin á ráàyè ka ìwé, á sì ráàyè ṣeré. Ọmọkùnrin á ṣì gbá bọ́ọ̀lù.

Kí ni ká wá ṣe?

Bí ẹ bá bi mí léèrè, màá ní kí a gba oko ilé ìwé tí olùkọ́ fẹ́ dá. Ṣùgbọ́n kí a so àdéhùn mọ́ ọn, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí olùkọ́ àti ẹgbẹ́ òbí jọ fọwọ́ sí i:

1. Oko náà kò ní í gba wákàtí ẹ̀kọ́ kankan. Ọ̀sán tí kò sí ẹ̀kọ́ ni a ó fi ṣe é, kò ní í ju wákàtí 2 lọ.

2. Ọmọ kò ní í ṣiṣẹ́ ní oko olùkọ́, tàbí ní oko olórí ẹgbẹ́ òbí, tàbí ní oko ẹnikẹ́ni, ní orúkọ ilé ìwé.

3. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní oko gbọ́dọ̀ ní ìṣirò tàbí kíkọ tí ọmọ yóò ṣe nínú kayé rẹ̀.

4. Ìwé owó yóò wà. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, òbí 2 láti inú kíláàsì wa yìí yóò kà á. Ó kéré tán, obìnrin yóò wà nínú àwọn 2 náà.

5. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, tàbí tó ń múra ìdánwò CEP, kò ní í lọ sóko.

Nílé, àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. Ẹ fún ọmọ ní wákàtí 1 lójúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní í rán an níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó ka ìwé rẹ̀ sókè sí yín létí. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ gbọ́ Faransé, ẹ ó mọ̀ bí ẹnu rẹ̀ bá ń já gaara tàbí ó ń kọsẹ̀. Ẹ bi í pé: "Kí lo kọ́ lónìí?" Ẹ jẹ́ kí ó dáhùn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ akèrègbè. Tótó, ó ṣe bí òwe. Olùkọ́ kò lè dá ṣe é. Ọmọ kò lè dá ṣe é. Ìpàdé ẹgbẹ́ òbí ń bọ̀. Ẹ wá, ẹ mú kayé yín àti bírò yín dání. Bí wọ́n bá ka ìwé owó síta, ẹ ní kí wọ́n gbé e wá kí ẹ fi ojú ara yín rí i.



Ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀

1. Àwọn iṣẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ wo ni ọmọ yín ń ṣe? Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, kí ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta wa wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

2. Kí ló mú kí àwọn òbí kùn sí oko ilé ìwé láyé Ilé Ìwé Tuntun? Ẹ bi àgbà kan ní ilé yín, kí ẹ wá sọ ohun tó wí fún kíláàsì.

3. Ọmọbìnrin kan ń lo wákàtí 3 lórí omi lójúmọ́. Wákàtí mélòó ni yóò lò ní ọjọ́ 5? Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá gba ìdajì ṣe, mélòó ni yóò kù fún un?

4. Oko ilé ìwé kan ta ilá ní 3 600 fáráǹkì. Irúgbìn àti omi jẹ́ 900 fáráǹkì. Èló ló kù? Bí kayé kan bá jẹ́ 150 fáráǹkì, kayé mélòó ni owó tó kù yóò rà?